Ibi tí Ojú Méjì ti Kan Ara: Àlàyé lórí Àfarawé Onípele-Ìwọ̀n Púpọ̀ fún Olùkọ́ Èdè Abínibí

Ìfáárà

Ẹ̀sùn kan ti pẹ́ lọ́rùn èdè abínibí ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà: wọ́n ní kò lè ru ẹrù ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì bí ìmọ̀ náà bá ti kọjá ohun tí ọmọdé ń kọ́. Iṣẹ́ ìwádìí Ifẹ̀, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá ṣe agbátẹrù rẹ̀ láti ọdún 1970, dá apá kan nínú ẹ̀sùn náà lóhùn, nítorí pé Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ inú iṣẹ́ ìwádìí náà ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún odidi ọdún mẹ́fà. Síbẹ̀, ẹjọ́ kò tíì tán. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ Ìjọba Àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé èdè abínibí ni kí a máa fi kọ́ni ní ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà fún Ètò Ẹ̀kọ́ kéde pé wọ́n ti fagi lé ìlànà náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbèjà èdè lẹ́yìn irú ìkéde bẹ́ẹ̀, àròyé lásán kò ní ràn án lọ́wọ́. Ohun tí yóò ràn án lọ́wọ́ ni kí ó mú ẹ̀kọ́ kan tí ó le, kí ó sì fi èdè náà ṣe àlàyé rẹ̀ títí yóò fi yé ẹni tí kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí.

Ẹ̀kọ́ tí àpilẹ̀kọ yìí yàn ni àfarawé tí àwọn onímọ̀ ń fi kọ̀ǹpútà ṣe láti mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ojú nǹkan méjì tí kò dán bá kan ara wọn. Kì í ṣe òkìkí ẹ̀kọ́ náà ni ó mú kí a yàn án, nítorí kò tilẹ̀ gbajúmọ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé orí ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Ọ̀rọ̀ náà ni kàn. Ọmọ ọdún mẹ́ta ń lò ó láìṣì í lò, bẹ́ẹ̀ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kò tíì fẹnu kò pátápátá lórí ohun tí ó túmọ̀ sí. Olùkọ́ èdè ní ohun tí yóò sọ níbẹ̀.

Ojú àti págunpàgun rẹ̀

Ibi tí ohun kan parí sí, tí òmíràn ti lè bá a pàdé, ojú ni Yorùbá ń pè é: ojú ọ̀nà, ojú pákó, ojú omi, ojú ọlọ. Ẹni tí ó ń fi Haúsá kọ́ni lè wò ó bóyá fuska yóò ṣe irú iṣẹ́ yìí fún òun, kí olùkọ́ Ìgbò sì yẹ ihu wò. Ibi tí ọ̀rọ̀ kan náà bá ti ń ṣiṣẹ́ fún ojú ènìyàn àti ojú nǹkan, ẹ̀bùn ni fún olùkọ́. Ojú ènìyàn kò tẹ́jú. Imú yọ síta níbẹ̀, ètè yọ síta níbẹ̀. Bí a bá sún mọ́ ọn, a ó rí irorẹ́. Bí a bá tún sún mọ́ ọn sí i, a ó rí ihò kéékèèké tí òógùn ń gbà jáde. Ẹni tí ó dúró ní òkèèrè kò rí ju imú lọ. Ohun tí a ń rí lójú nǹkan sinmi lórí bí a ṣe sún mọ́ ọn tó, èyí sì ni gbòǹgbò ohun tí à ń pè ní ìpele ìwọ̀n nínú ẹ̀kọ́ yìí.

Àwọn ìyá wa tí ń lọ ata mọ̀ nípa ojú nǹkan ju bí ìwé ti ń gbé e lọ. Ọlọ tí ojú rẹ̀ bá ti dán jù kì í lọ ata kúnná mọ́. Ata yóò kàn máa yọ̀ lórí rẹ̀ ni. Wọn a wá mú irin tàbí òkúta líle, wọn a fi ṣá ojú ọlọ náà kí ó lè padà ṣe págunpàgun. Kò sí ẹni tí ó kọ́ wọn ní físíìsì kí wọ́n tó mọ̀ pé págunpàgun ojú ọlọ ni ó ń ṣe iṣẹ́.

Yorùbá kò tòṣì lọ́rọ̀ níhìn-ín. Ọ̀nà tí kòtò pọ̀ lójú rẹ̀ ń ṣe gbágungbàgun. Igi tí a kò rẹ́ dáadáa ń ṣe págunpàgun. Awọ tí nǹkan ta jáde lára rẹ̀ ń ṣe ṣákiṣàki. Ìṣòro tí ó wà ni pé olùkọ́ máa ń fi ọ̀kan rọ́pò èkejì láìronú. Nínú àlàyé yìí, gbágungbàgun wà fún èyí tí ojú lásán lè rí, págunpàgun sì ni orúkọ àpapọ̀ fún gbogbo àìtẹ́jú, láti orí èyí tí ọwọ́ lè tọ́ka sí dé orí èyí tí a kò lè rí láéláé. Ìkejì yìí pọ̀ ju bí a ti rò lọ. Láti ọdún 1986 tí Binnig, Quate àti Gerber ti gbé ẹ̀rọ kan jáde tí abẹ́rẹ́ tóóró inú rẹ̀ ń tọ́ ojú nǹkan wò bí afọ́jú ti ń fi ọ̀pá tọ́ ilẹ̀, ó ti hàn kedere pé irin tí ó ń dán bíi dígí pàápàá ní òkè àti àfonífojì tirẹ̀. Orí òkè kọ̀ọ̀kan ni a ó máa pè ní ṣóńṣó.

Èyí tí ó jọ pé ó kàn, àti èyí tí ó kàn

Ní ọdún 1699, Guillaume Amontons, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ṣe àlàyé ohun méjì fún àwọn onímọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Paris. Èkíní ni pé agbára tí ó ń kọ̀ fún ojú kan láti yọ̀ lórí èkejì, èyí tí àpilẹ̀kọ yìí pè ní ìfaraha, ń pọ̀ sí i bí ẹrù bá ṣe ń pọ̀ sí i. Èyí kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Èkejì ni ó ṣòro láti gbà: ìfaraha náà kò bìkítà fún bí ojú nǹkan náà ṣe fẹ̀ tó. Bí a bá fi ẹ̀gbẹ́ bíríkì tí ó fẹ̀ lélẹ̀, tí a wọ́ ọ, tí a sì tún fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí ó tóóró lélẹ̀, tí a wọ́ ọ, agbára kan náà ni yóò gbà. Báwo ni èyí ṣe lè rí bẹ́ẹ̀? Èyí tí ó fẹ̀ ha kọ́ ni ó kan ilẹ̀ jù?

Ó lé ní igba ọdún kí ìdáhùn tí ó tẹ́ni lọ́rùn tó jáde. Ní ọdún 1939, Frank Bowden àti David Tabor, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba iná mànàmáná kọjá láti inú irin kan sí èkejì tí ó wà lórí rẹ̀, wọ́n sì wọn bí iná náà ṣe rí ọ̀nà kọjá tó. Ọ̀nà tí iná rí há gan-an. Irin méjèèjì jọ pé wọ́n lẹ̀ pẹ́kípẹ́kí, ṣùgbọ́n orí ìwọ̀nba ṣóńṣó díẹ̀ ni wọ́n ti pàdé; àlàfo ni gbogbo ìyókù. Bowden fi í wé kí a dojú àwọn òkè Switzerland dé àwọn òkè Austria. Olùkọ́ tí ó wà ní ilẹ̀ Yorùbá kò nílò irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀. Kí ó sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n rò ó lọ́kàn pé a ṣí àwọn òkè Ìdànrè nílẹ̀, tí a dojú wọn dé àwọn òkè Èkìtì. Ibi mélòó ni òkúta yóò ti kan òkúta? Afẹ́fẹ́ àti ẹyẹ ni yóò máa kọjá ní ìyókù.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ká ní irin kan tí ojú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 ní ìbú àti sẹ̀ǹtímítà 10 ní òró wà lórí irin mìíràn, kí ìwọ̀n rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí a gbé lé e sì jẹ́ kìlógírámù 10. Agbára tí ó fi ń tẹ èyí tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó Newton 100. Ká tún ní irin náà le débi pé mìlímítà onígun-mẹ́rin kan nínú rẹ̀ lè gba Newton 1,000 kí ó tó tẹ̀. Àwọn ṣóńṣó tí ó kọ́kọ́ pàdé yóò tẹ̀, òmíràn yóò bá wọn gbé e, títí ibi tí wọ́n ti kan ara yóò fi tó ohun tí ó lè gba ẹrù náà dúró. Bí a bá fi 1,000 pín 100, 0.1 mìlímítà onígun-mẹ́rin ni a ó rí. Gbogbo ojú irin náà sì jẹ́ mìlímítà onígun-mẹ́rin 10,000. Ìyẹn ni pé ìdá kan ṣoṣo nínú ọ̀nà 100,000 ni ó kan ara. Bí a bá wá yí irin náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí ó tóóró, ẹrù kò yí padà, líle irin kò yí padà, nítorí náà ibi tí ó kan ara kò yí padà. Àlọ́ Amontons já.

Níhìn-ín ni olùkọ́ èdè ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Ìfarakanra ni ọ̀rọ̀ tí ó wá sí ẹnu, ṣùgbọ́n bí a bá fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ lásán, gbogbo ara ni ọmọ yóò rò pé ó kan ara, yóò sì gbé àṣìṣe tí ó ti wà ṣáájú Bowden lọ sílé. Ó yẹ kí a pín in sí méjì: ìfarakanra àfojúrí, èyí tí ó jọ bẹ́ẹ̀ lójú, àti ìfarakanra gidi, èyí tí ó wà lórí ṣóńṣó. Ọ̀gá mẹkáníìkì mọ ìyàtọ̀ méjèèjì bí kò tilẹ̀ fún wọn lórúkọ. Bí mọ́tò kò bá dáhùn, yóò fi pépà yanrìn ha orí bátìrì, yóò sì fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ le. Ó mú ìdọ̀tí tí ó dí iná lọ́nà kúrò. Fífún tí ó fún un sì mú kí ṣóńṣó púpọ̀ sí i pàdé, ọ̀nà iná sì gbòòrò.

Ṣóńṣó lórí ṣóńṣó

Àlàyé Bowden àti Tabor dára fún irin tí ó bá tẹ̀ tí kò padà sípò. Rọ́bà ńkọ́, tí ó máa ń padà sípò bí a bá ti gbé ẹrù kúrò? Heinrich Hertz, ọmọ Jámánì, ti tẹ ìṣirò kan jáde ní ọdún 1882 lórí bọ́ọ̀lù tí ó dán, tí a tẹ̀ mọ́ ohun mìíràn tí ó dán. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò náà, bí ẹrù bá di ìlọ́po 8, ìlọ́po 4 péré ni ibi tí ó kan ara yóò dà. Èyí kò bá òfin Amontons mu, nítorí òfin náà ń béèrè pé kí ó di ìlọ́po 8.

Ní ọdún 1957, J. F. Archard rí ọ̀nà àbáyọ tí ó rọrùn débi pé ó yani lẹ́nu pé kò sí ẹni tí ó rí i ṣáájú. Ó ní kí a mú bọ́ọ̀lù Hertz, kí a fi bọ́ọ̀lù kéékèèké bò ó lára. Bí ẹrù bá di ìlọ́po 8, ibi tí ó kan ara yóò di nǹkan bí ìlọ́po 6.35. Kí a tún fi bọ́ọ̀lù tí ó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ bo àwọn kéékèèké náà: yóò di nǹkan bí ìlọ́po 7.41. Bí a ti ń fi ṣóńṣó lé ṣóńṣó ni iye náà ń sún mọ́ 8. Kò sí èyí tí ó tẹ̀ tí kò padà sípò nínú gbogbo wọn, síbẹ̀ òfin Amontons yọ jáde fúnra rẹ̀, láti inú pé ojú nǹkan ní ìpele púpọ̀. Àpilẹ̀kọ yìí kò rí àpẹẹrẹ mìíràn tí ó fi iṣẹ́ ìpele ìwọ̀n hàn ju èyí lọ, ó sì yẹ kí olùkọ́ dúró lórí rẹ̀ ju ìyókù lọ. Ẹni tí ó fi ojú kan ṣoṣo wo nǹkan náà yóò gba èsì tí ó lòdì, kì í ṣe pé yóò kàn gba èsì tí kò pé.

Àwọn tí ó tẹ̀ lé e fẹ ọ̀nà náà. Greenwood àti Williamson ní ọdún 1966 ro àwọn ṣóńṣó bí ogunlọ́gọ̀ tí gíga wọn kò dọ́gba; wọ́n fi hàn pé bí ẹrù bá ń pọ̀ sí i, iye ṣóńṣó tí ó kàn ni ó ń pọ̀, ìwọ̀n tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi kàn kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ní ọdún 1984, Mandelbrot àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo ojú irin tí ó kán, wọ́n sì rí i pé bí a bá sọ apá kékeré kan di ńlá, yóò jọ odidi tí a ti mú un. Ní ọdún 2001, Bo Persson, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Jülich ní ilẹ̀ Jámánì, gbé ìṣirò kan kalẹ̀ tí kò ka ṣóńṣó kankan. Ó kàn ń béèrè pé bí a bá ń sún mọ́ ojú náà díẹ̀díẹ̀, báwo ni ibi tí a rò pé ó kàn yóò ṣe máa dín kù?

Ẹyọ àti odidi

Bí kọ̀ǹpútà ti wá lágbára tó lónìí, ènìyàn lè rò pé kí a kàn kó gbogbo átọ́ọ̀mù inú irin méjèèjì sínú rẹ̀, kí a sì máa wò wọ́n. Kò ṣeé ṣe. Bí a bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà 1,000, ìdá kan nínú rẹ̀ ni máíkírómítà. Àpótí irin tí ó jẹ́ máíkírómítà kan ní ìbú, ní òró àti ní gíga, tí ojú lásán kò lè rí, ní átọ́ọ̀mù tí ó tó bílíọ̀nù 85 nínú. Ti àkókò tún le ju ti iye lọ. Átọ́ọ̀mù ń gbọ̀n kíákíá débi pé kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ máa ṣírò ipò wọn ní ìṣísẹ̀ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mílíọ̀nù bílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìṣísẹ̀ mílíọ̀nù kan kò tíì kọjá ìdá kan nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá. Ọwọ́ tí ó ń fa bíríkì kò tíì mì.

Ọ̀nà méjì ni ó wà láti fi wo ohun líle, Yorùbá sì ti ní ọ̀rọ̀ méjì tí ó bá wọn mu régí: ẹyọ àti odidi. Ìwòye ẹyọ ń ka átọ́ọ̀mù lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka àgbàdo. Ìwòye odidi gbà pé ohun náà kò ní ẹyọ, pé bí ẹ̀kọ mímu ni ó ṣe jẹ́ ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀. A lè gé e sí ègé tí ó bá wù wá, kí kọ̀ǹpútà sì máa ṣírò bí ègé kọ̀ọ̀kan ṣe ń fà tàbí tẹ̀. Ìwòye ẹyọ péye ṣùgbọ́n ó wọ́n. Ìwòye odidi rọ̀ lọ́rùn ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí átọ́ọ̀mù ń ṣe. Àfarawé onípele-ìwọ̀n púpọ̀ ni kí a lo ìwòye ẹyọ ní ibi tí ṣóńṣó ti kan ṣóńṣó, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà, kí a sì lo ìwòye odidi fún ìyókù irin tí ó kàn ń ru ẹrù.

Ibi tí wàhálà wà ni ààlà. Ní apá kan, átọ́ọ̀mù ń sọ èdè ẹyọ. Ní apá kejì, ègé ń sọ èdè odidi. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ dúró láàárín ṣe ògbufọ̀. Àwọn olùkọ́ èdè kò ní ṣe àjèjì sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà: ọ̀rọ̀ kan wà ní èdè kìíní tí kò ní ìtumọ̀ ní èdè kejì. Ìgbọ̀n tí ó kúrú gan-an ni. Átọ́ọ̀mù lè gbé e, ṣùgbọ́n ègé tóbi jù ú lọ, kò lè gbé e. Bí irú ìgbọ̀n bẹ́ẹ̀ bá dé ààlà, kò rí ọ̀nà kọjá, yóò sì padà sí ibi tí ó ti wá bí ohùn ti ń padà láti ara àpáta. Apá átọ́ọ̀mù yóò máa gbóná sí i, kì í ṣe pé irin gidi gbóná bẹ́ẹ̀ o, ògbufọ̀ ni ó kọ ọ̀rọ̀ tí kò gbọ́. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń ṣe ni pé wọn a fẹ ààlà náà kí ó di ilẹ̀ àjọni, níbi tí ìwòye méjèèjì ti jọ wà, wọn a sì fi ohun tí ó ń pa ìgbọ̀n kúkúrú díẹ̀díẹ̀ síbẹ̀.

Tadmor, Ortiz àti Phillips gbé ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà ìsopọ̀ yìí jáde ní ọdún 1996 fún àbùkù inú irin. Ní ọdún 2006, Luan, Robbins àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lo irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìfarakanra ojú págunpàgun, ṣùgbọ́n ojú tí ó ní ìbú àti gíga nìkan ni. Ní ọdún 2009, Anciaux àti Molinari tẹ iṣẹ́ jáde lórí èyí tí ó ní ìbú, òró àti gíga. Nínú ìmọ̀ kẹ́míkà, irú èrò kan náà ti gba ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 2013 fún Karplus, Levitt àti Warshel.

Gbogbo àfarawé onípele kọ́ ni ó nílò ògbufọ̀ tí ó dúró láàárín. Òmíràn wà tí ó jọ ìwé atúmọ̀-èdè. Wọn a kọ́kọ́ ṣe àfarawé ẹyọ fúnra rẹ̀, wọn a kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òfin: bí ṣóńṣó bá gba ẹrù tó báyìí, yóò tẹ̀ tó báyìí. Ìwòye odidi yóò wá máa ṣí ìwé náà wò nígbà tí ó bá nílò rẹ̀. Ó yá ju ti ògbufọ̀ lọ. Àléébù rẹ̀ ni ti gbogbo ìwé atúmọ̀-èdè: ohun tí ẹni tí ó kọ ọ́ kò rò tẹ́lẹ̀ kò sí nínú rẹ̀.

Kí ni à ń pè ní kíkàn?

Padà sí ìbéèrè Persson. Láti òkèèrè, gbogbo ojú irin ni ó jọ pé ó kàn. Bí a bá sún mọ́ ọn, a ó rí i pé ṣóńṣó nìkan ni ó kàn. Bí a bá sún mọ́ ṣóńṣó kan, a ó rí i pé ṣóńṣó kéékèèké orí rẹ̀ ni ó kàn, kì í ṣe òun fúnra rẹ̀. Bí ìwòye odidi bá jẹ́ òótọ́ délẹ̀, tí ṣóńṣó ń wà lórí ṣóńṣó láìlópin, ibi tí ó kàn yóò máa dín kù títí yóò fi di òfo. A jẹ́ pé kò sí ohun tí ó kan ohun kankan láyé. Ọpẹ́lọpẹ́ átọ́ọ̀mù, tí ó fòpin sí i: kò sí ṣóńṣó tí ó kéré ju átọ́ọ̀mù kan lọ.

Ṣùgbọ́n átọ́ọ̀mù náà kò ní etí tí a lè tọ́ka sí. Méjì nínú wọn ń fa ara wọn nígbà tí àyè díẹ̀ bá wà láàárín, wọ́n sì ń ti ara wọn sẹ́yìn nígbà tí wọ́n bá sún mọ́ra jù. Níbo ni wọ́n ti kan ara? Ẹni tí ó ń ṣe àfarawé gbọ́dọ̀ yàn. Òmíràn a ní ó di ìgbà tí wọ́n bá ń ti ara wọn kí a tó pè é ní kíkàn; òmíràn a fi ìwọ̀n àyè kan sílẹ̀, a ní bí wọ́n bá ti wọ inú rẹ̀, wọ́n ti kàn. Iye ìfarakanra gidi tí àwọn méjèèjì yóò rí kò ní dọ́gba, bẹ́ẹ̀ kò sí èyí tí ó purọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àríyànjiyàn ọ̀rọ̀ lásán ni. Ní ọdún 2005, Luan àti Robbins fi ìwòye ẹyọ àti ìwòye odidi ṣe àfarawé orí abẹ́rẹ́ tíńtín tí ó kan ojú pẹrẹsẹ. Nítorí pé átọ́ọ̀mù ń ṣe àkàsọ̀ lórí abẹ́rẹ́ náà, ìfarakanra àti agbára tí ó wà níbẹ̀ lè fi ìlọ́po méjì yàtọ̀ sí ohun tí ìwòye odidi sọ, ìfaraha sì lè fi nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá yàtọ̀. Nígbà tí ó di ọdún 2015, Martin Müser ní ilẹ̀ Jámánì fún gbogbo àwọn onímọ̀ ẹ̀ka yìí ní iṣẹ́ kan náà láti ṣe: ojú págunpàgun kan tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ 0.1 mìlímítà, kí oníkálukú fi ọ̀nà tirẹ̀ ṣírò bí yóò ṣe kan èkejì. Èsì wọn jáde pọ̀ ní ọdún 2017. Ọ̀nà tí ó ṣírò gbogbo ìpele bá ara wọn mu dáadáa; ìṣirò Persson náà kò jìnnà sí wọn; àwọn tí ó ṣì ń ka ṣóńṣó lọ́kọ̀ọ̀kan, láìka bí ọ̀kan ṣe ń tẹ ilẹ̀ mọ́ èkejì lábẹ́, ni ó rẹ̀yìn.

Yorùbá ní pàdé, ó ní kàn, ó ní lẹ̀ mọ́. Ojú méjì lè pàdé kí wọ́n má kàn, wọ́n lè kàn kí wọ́n má lẹ̀. Ìkẹta yìí ní ìbéèrè tirẹ̀: bí átọ́ọ̀mù bá ń fa ara wọn, kí ló dé tí àwo kì í lẹ̀ mọ́ tábìlì? Fuller àti Tabor dáhùn ní ọdún 1975 pé págunpàgun tí kò ju nǹkan bí máíkírómítà kan lọ ti tó láti jẹ́ kí rọ́bà tí ó ń lẹ̀ mọ́ ohun dídán ṣíwọ́ lílẹ̀, nítorí ibi tí wọ́n ti kan ara kò tó ohun tí ó lè dì wọ́n mú. Ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wúlò, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni iṣẹ́ wọn. Ìwé Èdè Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1984, àti èyí tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe ní ọdún 1990, ti ṣe bẹbẹ fún ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Físíìsì kò sí lára ẹrù tí wọ́n gbé. Nínú ẹ̀kọ́ bí èyí, olùkọ́ tí ó wà níwájú kíláàsì ni yóò máa pín iṣẹ́ fún ọ̀rọ̀, yóò sì dára kí ó mọ̀ pé òun ń pín in.

Nínú kíláàsì

Kọ̀ǹpútà kò pọn dandan fún ẹ̀kọ́ yìí. Bíríkì kan, bébà funfun, pépà kábọ́ọ̀nù tí àwọn akọ̀wé fi ń ṣe ẹ̀dà, àti awò tí ń sọ nǹkan kékeré di ńlá ti tó. Kí a tẹ́ bébà funfun sí orí sìmẹ́ǹtì, kí a fi ojú dúdú kábọ́ọ̀nù dé e, kí a rọra gbé bíríkì lé e, kí a sì gbé e kúrò láìwọ́ ọ. Àmì díẹ̀ ni yóò wà lórí bébà. Kí a pààrọ̀ bébà, kí ọmọ kan dúró lórí bíríkì náà: àmì yóò pọ̀ sí i. Kí a tún fi ẹ̀gbẹ́ tóóró ṣe é, kí a má sì sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ ohun tí Amontons sọ.

Lẹ́yìn èyí, kí a pín kíláàsì sí méjì. Apá kan yóò fi ojú lásán ka iye àmì tí ó wà lórí bébà kìíní, apá kejì yóò fi awò ka ti bébà kan náà, níbi tí àmì tí ó jọ ọ̀kan lójú lásán ti lè pín sí mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Kí wọ́n kọ iye méjèèjì sára pátákó, kí wọ́n sì fi èdè abínibí wọn jiyàn lórí èyí tí ó jẹ́ iye ibi tí bíríkì ti kan ilẹ̀ ní tòótọ́. Kí olùkọ́ má ṣe tètè dá ẹjọ́ náà.